Ìwé Ilẹ̀ ní Káńtì Beaufort: Orúkọ Tí Akọ̀wé Gbọ́ àti Orúkọ Tí Ilé Mọ̀

Ìwé kan wà tí n kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní kíláàsì mi láì fi ojú kàn án. Ìwé náà ni èyí tí Lorenzo Dow Turner kọ lórí èdè Gullah, tí ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago gbé jáde ní ọdún 1949. Ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni Turner. Ní ọdún 1929, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Orangeburg ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ̀. Ó tọ ipa ọ̀rọ̀ náà dé àwọn erékùṣù etí òkun South Carolina àti Georgia pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó sì kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ ènìyàn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kó jọ, orúkọ Yorùbá sì wà níbẹ̀.

Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá dé orí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Lẹ́yìn ìdùnnú ni ìbéèrè máa ń tẹ̀ lé e: ta ni ó jẹ́ orúkọ yìí? Níbo ni ó gbé? Ilẹ̀ wo ni ó fi dáko? Ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò lè dáhùn èyí. Ibi tí ìdáhùn wà ni ọ́fíìsì kan tí àwọn onímọ̀ èdè kì í sábà yà sí, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kó àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀ pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, mo sì mú Káńtì Beaufort ní South Carolina gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́ púpọ̀. Káńtì, fún ẹni tí kò bá mọ̀, ni ẹ̀ka ìjọba tí ó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn àsọdùn. Àwọn Yorùbá kò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó dé Carolina. Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun léèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í túká ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn sì gúnlẹ̀ sí Cuba àti Brazil. Ilẹ̀ Sierra Leone, Gambia, Kóńgò àti Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn baba ńlá Gullah ti wá. Orúkọ Yorùbá tí Turner rí dà bí ẹyọ àgbàdo funfun nínú apẹ̀rẹ̀ àgbàdo pupa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo apẹ̀rẹ̀ wò.

Beaufort wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ìpínlẹ̀ náà, níbi tí omi òkun àti irà ti gé ilẹ̀ sí erékùṣù. Apá kan rẹ̀, Hilton Head, ti di ìlú afẹ́ àwọn olówó, ṣùgbọ́n St. Helena àti Sheldon ṣì jẹ́ ìgbèríko. Ní Sheldon yìí ni abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà, èyí tí Oseijeman Adefunmi Kìíní tẹ̀ dó ní ọdún 1970, tí ó sì fi orúkọ Ọ̀yọ́ sọ ọ́. Káńtì kan náà tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kún fún orúkọ àwọn tí wọ́n tà bí ẹran ni ẹni kan tún lọ dá ààfin Yorùbá sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu ni pé ìwé wọ̀nyí kò ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnikẹ́ni lè wọlé, kí ó béèrè ìwé ilẹ̀ ẹlòmíràn, kí ó jókòó kà á, láì sọ ìdí tí ó fi fẹ́ kà á. Owó ẹ̀dà nìkan ni yóò san bí ó bá fẹ́ mú un lọ. A lè rò pé àìbọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo Èkó tiwa. Bí ọmọ ẹbí kan bá ń bẹ̀rù pé àbúrò òun lè ta ilé bàbá wọn lẹ́yìn, kí ni ó máa ń ṣe? Yóò ra ọ̀dà, yóò kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe fún títà. Kò kọ ọ́ sí ẹnì kan pàtó. Gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá ni ó kọ ọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé òun kò gbọ́. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ni ògiri tiwọn. Ní South Carolina, bí ènìyàn bá ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ẹni kejì lè borí ẹni àkọ́kọ́ bí kò bá mọ̀ nípa títà ìṣáájú, tí ó sì kọ́kọ́ gbé ìwé tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Nítorí náà, ohun tí a kò bá kọ sára ògiri yẹn, àfi bí ẹni pé a kò sọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà tí n óò sọ ní ìsàlẹ̀ ti wá.

Báwo ni àwọn ẹrú ṣe di onílẹ̀ ní Beaufort? Ní ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 1861, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ-ogun ojú omi ti ìjọba àpapọ̀ gba ẹnu odò Port Royal. Àwọn òyìnbó olóko sá, wọ́n fi ilé, oko òwú àti nǹkan bí 10,000 ẹrú sílẹ̀. Ìjọba ti bu owó-orí lé ilẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà ọdún 1862, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin bí a ó ti gba owó náà ní àgbègbè àwọn ọlọ̀tẹ̀: ilẹ̀ ẹni tí kò bá san yóò bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, wọn yóò sì tà á. Báwo ni ẹni tí ó sá fún ìbọn yóò ṣe padà wá san owó-orí? Àwọn kọmíṣọ́nnà owó-orí jókòó sí ìlú Beaufort, wọ́n sì lu oko wọ̀nyẹn ní gbàǹjo ní oṣù kẹta ọdún 1863.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ra èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn aládàáni náà rà. Edward Philbrick, ará Boston, ra oko 11 fún ara rẹ̀ àti àwọn alájọṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn olórí ìdílé adúláwọ̀, wọ́n gé e sí ìpín éékà 10 tàbí 20, wọ́n sì tà á fún wọn ní dọ́là 1.50 fún éékà kan. Ẹni tí ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ olówó rẹ̀ pẹ̀lú iye owó níwájú orúkọ rẹ̀ wá di ẹni tí ó na owó fún ilẹ̀, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba.

Àwọn òǹkàwé tí ó mọ ìtàn Amẹ́ríkà yóò rántí àṣẹ ọ̀gágun Sherman, Àṣẹ Kẹẹ̀ẹ́dógún ti ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 1865, èyí tí ó ya etí òkun sọ́tọ̀ láti Charleston dé Florida, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò fi ní tó éékà 40. Òun ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ ọ̀gágun kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Andrew Johnson dárí ji àwọn olóko, ó dá ilẹ̀ wọn padà fún wọn, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti gbin nǹkan síbẹ̀ kúrò. Èyí tí ó dúró ni ilẹ̀ tí wọ́n rà nínú gbàǹjo owó-orí, nítorí pé ó ní ìwé tí òfin Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1866, òfin mìíràn tilẹ̀ fún àwọn kan tí ó ní ìwé Sherman láǹfààní láti ra éékà 20 nínú ilẹ̀ owó-orí ní àgbègbè Beaufort, ní iye kan náà, dọ́là 1.50. Ìdí nìyí tí adúláwọ̀ onílẹ̀ fi pọ̀ ní St. Helena ju ibi tí àṣẹ Sherman nìkan dé lọ. Mo rò pé àwọn òpìtàn tí ń kọ̀wé fún gbogbo ayé kò tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí tó.

Ẹjọ́ kan wà tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Robert Smalls, tí wọ́n bí ní Beaufort sínú oko ẹrú ní ọdún 1839, jí ọkọ̀ ojú omi Planter gbé lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1862, ó sì fi gbé ìdílé rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ra ilé olówó rẹ̀ àtijọ́ ní òpópónà Prince láti inú gbàǹjo owó-orí. Ọ̀gbẹ́ni De Treville pè é lẹ́jọ́ pé ilé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a láre ní ọdún 1878. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà lé, ṣùgbọ́n bí Smalls bá pàdánù rẹ̀, gbogbo ìwé ẹ̀rí owó-orí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ erékùṣù ni ì bá mì.

Ó tó àkókò kí á wọ ọ́fíìsì náà wàyí. Ẹ̀yìn ni a ti ń wá ilẹ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ẹni tí ó bá ní ìtàn baba ńlá lọ́wọ́ máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1863, ọ̀nà kì í là fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń díye lé ilẹ̀ fún owó-orí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwòrán ilẹ̀ gbogbo káńtì, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́mbà tirẹ̀. Nọ́mbà yìí ni yóò fi orúkọ ẹni tí wọ́n ń kọ owó-orí sí hàn án, àti ìwé àti ojú ewé tí wọ́n ti forúkọ ilẹ̀ náà sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìbàdàn níbí. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé àtijọ́, ẹni tí ó bá lọ tàbí tí ó bá kọ lẹ́tà sí wọn ni yóò rí wọn.

Láti ibẹ̀ ni yóò gbéra lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìwé ilẹ̀. Ní South Carolina, orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pè é ni Register of Mesne Conveyance, orúkọ tí ahọ́n àwọn ará ìlú gan-an kì í lè gbé, tí wọ́n fi gé e kúrú sí RMC. Atọ́ka méjì ni wọ́n ní: ọ̀kan to orúkọ àwọn tí ó tà, èkejì to orúkọ àwọn tí ó rà. Bí mo bá mọ̀ pé Ẹni Kẹta ni ó ni ilẹ̀ lónìí, n óò wá orúkọ rẹ̀ nínú atọ́ka àwọn tí ó rà, n óò rí Ẹni Kejì tí ó tà fún un. N óò tún wá Ẹni Kejì nínú àwọn tí ó rà, títí n óò fi dé ìdí igi. Iṣẹ́ náà kò le, sùúrù ni ó gbà.

Inú ìwé títà fúnra rẹ̀ ni adùn wà fún onímọ̀ èdè. Ẹ wo iye owó. Bí ìwé bá wí pé dọ́là 5 àti ìfẹ́ ni wọ́n fi ra éékà mẹ́wàá, kì í ṣe ọjà ni wọ́n ná. Ìyá ni ó fi fún ọmọ, tàbí ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, ìwé náà sì ti sọ ìbátan fún yín láì darúkọ rẹ̀. Ẹ wo ìparí. Òfin South Carolina fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, nítorí náà, títí di ọdún 1984, bí ọkọ bá fẹ́ ta ilẹ̀, wọ́n máa ń pe ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láìsí ọkọ níbẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ó fi ara mọ́ ọn, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tí a kì bá tí gbọ́ nípa wọn ni ìbéèrè ẹ̀gbẹ́ kan yìí fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ wo ìbọwọ́lùwé náà: ẹni tí kò mọ̀wé yóò fa igi àgbélébùú, akọ̀wé yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ yí i ká. Ọwọ́ akọ̀wé ni a ń kà níbẹ̀, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó sì kọ.

Ìdíwọ̀n ilẹ̀ náà ní èdè tirẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àtijọ́ fi ń wọn ilẹ̀; ẹ̀wọ̀n kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, ilẹ̀ tí ó gùn ní ẹ̀wọ̀n mẹ́wàá tí ó sì fẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n kan jẹ́ éékà kan. Ní ibi púpọ̀ ní South Carolina, igi, odò àti ilẹ̀ aládùúgbò ni wọ́n fi ń sọ ààlà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi pèrègún àti akòko sọ ọ́ nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilẹ̀ ní ìpín báyìí nínú ẹ̀ka báyìí, pẹ̀lú nọ́mbà, ẹ fara balẹ̀: orí ilẹ̀ àwọn kọmíṣọ́nnà owó-orí ni ẹ wà, àwọn ni wọ́n gé oko ńlá sí ẹ̀ka àti ìpín bẹ́ẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ lórí irú ilẹ̀ yẹn lè máà sí ní Beaufort rárá. Àkọsílẹ̀ àwọn kọmíṣọ́nnà wà ní ibi ìkówèépamọ́sí ti ìjọba àpapọ̀.

Káńtì náà ti yí padà. Ilẹ̀ kì í rìn, ṣùgbọ́n ààlà ìjọba máa ń rìn. Wọ́n gé Káńtì Hampton kúrò lára Beaufort ní ọdún 1878, wọ́n sì gé Jasper ní 1912. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Jasper lónìí lè ní láti lọ sí Beaufort fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1912. Bákan náà, ogun abẹ́lé ba ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ Beaufort jẹ́, nítorí náà ohun tí ó ṣáájú ogun kò tó nǹkan níbẹ̀. Olú-ìlú ìpínlẹ̀, Columbia, àti ìlú Charleston ni a ó ti máa wá a.

Ibẹ̀ gan-an ni orí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wú. Ìwé ohun-ìní ni a ṣì ń kà, ṣùgbọ́n ènìyàn ti di ohun-ìní nínú rẹ̀. Nígbà tí olóko bá kú, àwọn adíyelé yóò ka ohun tí ó fi sílẹ̀: ẹṣin, ìkòkò irin, àga, àti ènìyàn, pẹ̀lú iye owó níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkànìyàn ọdún 1850 àti 1860 ka àwọn ẹrú ní ọjọ́ orí àti bí wọ́n ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dárúkọ wọn. Ti ọdún 1870 ni ó kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo wọn pẹ̀lú orúkọ ìdílé. Àmọ́ àwọn adíyelé ohun-ìní òkú kọ orúkọ, nítorí ẹni tí yóò pín ogún gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó kan òun. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí Cuffee, Quash àti Cudjo. Ẹni tí ó bá gbọ́ Akan yóò mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀: Kofi, ọmọ ọjọ́ Ẹtì; Kwasi, ọmọ ọjọ́ Àìkú; Kwadwo, ọmọ ọjọ́ Ajé. Ìwé tí ó sọ ènìyàn di ẹrù ni ó tọ́jú orúkọ tí ìyá rẹ̀ fún un.

Nígbà tí a bá fi máa dé ìwé títà ilẹ̀ lẹ́yìn 1863, orúkọ wọ̀nyí ti ń dín kù. Ṣé wọ́n gbàgbé ni? Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé Cudjo máa ń di Joe, Quaco máa ń di Jack, Phibba, orúkọ obìnrin tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì, a sì di Phoebe. Ẹ gbọ́ ìró wọn. Ìró ni ó fà wọ́n papọ̀. Ìtumọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ́ Cudjo nílé lè jẹ́ Joe níwájú akọ̀wé láì jẹ́ pé ó yí orúkọ padà lójú ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí Joe tí ó ra éékà mẹ́wàá, n kì í yára sọ pé orúkọ òyìnbó ni ó ń jẹ́.

Turner fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé orúkọ méjì ni àwọn Gullah máa ń ní. Ọ̀kan ni ti ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìjọba. Èkejì ni wọ́n ń pè ní orúkọ apẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pe ọmọ nílé àti láàárín ọ̀rẹ́. Orúkọ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ Áfíríkà fara pamọ́ sí. Kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá láti lóye, àwa tí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ ní orúkọ gan-an, tí ènìyàn kan lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì àti orúkọ ìsàmì, kí ó sì jẹ́ pé èyí tí ó wà nínú ìwé ilé-ìwé ni ìyá-ìyá rẹ̀ kò mọ̀.

Àkọsílẹ̀ kan wà tí ó máa ń so orúkọ méjèèjì pọ̀. Báńkì àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú, Freedman's Savings Bank, ṣí ẹ̀ka sí Beaufort lẹ́yìn ogun, kí gbogbo báńkì náà tó wó ní ọdún 1874. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó pamọ́ síbẹ̀, wọ́n lè bi í ní orúkọ bàbá, ìyá, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, olówó rẹ̀ àtijọ́ àti oko tí ó ti wá. Owó rẹ̀ ṣègbé, ìdáhùn rẹ̀ wà títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí atọ́ka. Ẹni tí ń tọ ipa ilẹ̀ kan ní St. Helena lè rí i pé ọ̀nà já lójijì. Baba ńlá ra ilẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1865, kò sì sí ẹni tí ó tà á lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìwé owó-orí, ohun tí wọ́n kọ ni "àwọn àjogún" lágbájá, ẹni tí ó ti kú láti ayé ìgbà pípẹ́. Ẹbí ṣì ń gbé orí rẹ̀. Kò sí ìwé ìpín-ogún, kò sí ìwé títà. Wọn kò ní ìdí láti kọ ọ́. Gbogbo àdúgbò mọ ẹni tí ó ni ibẹ̀.

Àwa mọ irú ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, tí Olóyè Àmọ́dù Tìjáànì, Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ìgbìmọ̀ tí ó dájọ́ ní ọdún 1921 gbà pé ilẹ̀ ní ilẹ̀ wa jẹ́ ti ẹbí tàbí ti ìlú, àti pé olóyè ń mójú tó o fún wọn ni. Ó kéré tán, ilé-ẹjọ́ wá ọ̀rọ̀ sí ohun tí ó rí. Ní Carolina, òfin kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹbí. Ó sọ pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀, ìpín tí kò ní ààlà, tí ó sì lè tà fún àjèjì. Àjèjì tí ó ra ìpín kan nínú 60 lè lọ sí kóòtù kí ó ní kí wọ́n pín in. Bí kò bá ṣeé pín, kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó. Ẹbí tí kò ní owó lọ́wọ́ yóò dúró máa wo gbàǹjo. Nígbà tí afárá dé Hilton Head ní ọdún 1956, tí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan di wúrà, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ tuntun.

Ọ̀nà kejì tí ilẹ̀ ń gbà lọ ni owó-orí kan náà tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá san án, káńtì lè lu ilẹ̀ ní gbàǹjo. Onílẹ̀ ní oṣù 12 láti san gbèsè àti èlé kí ó sì gbà á padà. Àmọ́ ìwé ìkìlọ̀ ń lọ sí orúkọ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti òkú, ta ni yóò já lẹ́tà rẹ̀?

South Carolina ṣe òfin tuntun ní ọdún 2016, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017, wọ́n sì fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Clementa Pinckney sọ ọ́, ẹni tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Charleston ní oṣù kẹfà 2015. Òfin yìí fún àwọn àjogún yòókù láǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀, ní iye tí adíyelé bá sọ. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kí ènìyàn tó jẹ àǹfààní rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àjogún ni òun, ìyẹn ni pé kí ó so orúkọ ara rẹ̀ mọ́ orúkọ tí ó wà nínú ìwé ọdún 1865, ìran kan tẹ̀ lé òmíràn.

Iṣẹ́ orúkọ sì nìyí, iṣẹ́ tiwa. Àgbà obìnrin tí wọ́n bá pè wá jẹ́rìí yóò sọ orúkọ apẹ̀rẹ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, nítorí òun ni ó mọ̀. Ìwé yóò sì sọ orúkọ mìíràn. Lọ́yà tí kò bá mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n yóò ka ènìyàn méjì. Èyí tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò jẹ́ kí ó búra sí i, yóò sì kọ orúkọ méjèèjì tẹ̀ léra pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta láàárín wọn, aka, tí ó túmọ̀ sí pé a tún mọ̀ ọ́n sí. Bí ẹ bá ń ka ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ní irú káńtì yìí, ẹ má fo lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Lẹ́yìn wọn ni ẹ ti lè bá orúkọ tí Turner ń wá kiri pàdé, nínú ìwé ìjọba, pẹ̀lú nọ́mbà ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.